Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: IṢẸ́ KÒ PỌ̀, DÍDÚRÓ LÓ PỌ̀

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí bí a ṣe lè to ibi iṣẹ́ kí àwọn ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé ìlú ńlá nìyí, kò kàn wá. Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé ó kan àpò òwú yín, ó sì kan ajílẹ̀ yín. Kútọnu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ dé.

Èbúté Kútọnu

Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí èbúté ńlá tó wà ní Kútọnu. Òwú tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń gbìn ń gba ibẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ibẹ̀ náà ni ajílẹ̀, ìrẹsì àti ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀ ń gbà wọlé. Ẹrù àwọn ìlú tí kò ní òkun, bíi Niger àti Burkina Faso, ti ń gba ibẹ̀ kọjá tipẹ́.

Ẹrù kan ní èbúté kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Àwọn tó ni ọkọ̀ òkun ní owó tí wọ́n ń gbà. Àwọn aláṣẹ èbúté ní tiwọn. Àwọn aṣọ́bodè ń gba owó ìjọba. Àwọn mìíràn ń yẹ oúnjẹ àti irúgbìn wò, kí àrùn má baà wọ̀lú. Kò sí èyí tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà kan, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń dá ṣe tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ẹrù jáde a gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì kìíní, a sanwó, a gba rìsíìtì. A tún gbé e lọ sí ìkejì, a tún tò sórí ìlà. Ohun kan náà ni yóò máa sọ fún wọn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì.

Ẹ sì rántí pé ẹrù tó dúró ń jẹ owó. Bí ẹrù bá pẹ́ ní èbúté ju àkókò rẹ̀ lọ, wọn a gba owó ìpamọ́ lórí rẹ̀. Ta ni yóò san owó náà? Oníṣòwò yóò fi lé ọjà ni, ẹni tó rà á ni yóò san án. Bí ajílẹ̀ bá sì pẹ́ lójú ọ̀nà, òjò lè ti lọ kó tó dé oko.

Ohun tí wọ́n yí padà

Ní ọdún 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun ní èbúté Kútọnu. Lédè Faransé, wọ́n ń pè é ní guichet unique, ìyẹn ni pé ojú fèrèsé kan ṣoṣo ni oníbàárà yóò lọ. SEGUB ni orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti bójú tó o. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi so àwọn ẹ̀ka pọ̀. Ohun tí ẹnì kan bá kọ síbẹ̀, àwọn yòókù tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè rí i láti àyè tiwọn. Wọ́n kó owó oríṣiríṣi jọ sórí ìwé owó kan, kí oníbàárà lè san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọdún 2012, ìwé ìròyìn Báńkì Àgbáyé sọ pé ètò yìí ti dín àkókò tí ẹrù fi ń wọlé àti èyí tó fi ń jáde kù. Kútọnu kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Ìlú Singapore ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ọdún 1989.

Ọgbọ́n yìí kò parí sí ẹ̀rọ nìkan. Ibodè Sèmè-Kraké wà lójú ọ̀nà Kútọnu sí Èkó. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Patrice Talon ti Bẹ̀nẹ̀ ṣí àwọn ilé tuntun níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ kí òṣìṣẹ́ ìlú méjèèjì lè wà nínú ọgbà kan, kí arìnrìn-àjò má baà máa dúró lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò pa ẹ̀ka kankan rẹ́. Aṣọ́bodè ṣì jẹ́ aṣọ́bodè. Àwọn àgbà ní, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà bọ́ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n tún ṣe.

Nínú ẹgbẹ́ tiyín ńkọ́?

Ká sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín ní oníwọ̀n, alábòójútó àká, akọ̀wé àti akápò. Oníwọ̀n wà lẹ́bàá ọjà, àká wà lẹ́yìn ilé ìwé, akápò sì ń ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀. Àgbẹ̀ kan gbé àgbàdo dé ní agogo 8 àárọ̀. Bí ó ṣe lo àkókò rẹ̀ nìyí:

Wíwọ̀n: iṣẹ́, ìṣẹ́jú 10, dídúró, ìṣẹ́jú 50.
Kíkó sí àká: iṣẹ́, ìṣẹ́jú 15, dídúró, ìṣẹ́jú 60.
Kíkọ sínú ìwé: iṣẹ́, ìṣẹ́jú 5, dídúró, ìṣẹ́jú 40.
Gbígba owó: iṣẹ́, ìṣẹ́jú 5, dídúró, ìṣẹ́jú 115.

Iṣẹ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 35 péré. Dídúró jẹ́ ìṣẹ́jú 265. Agogo 1 ọ̀sán ló kúrò níbẹ̀. Ṣé ọ̀lẹ ni àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni? Rárá o. Bí a bá yọ akápò, tí a fi ẹlòmíràn sí i, àgbẹ̀ ṣì máa dúró. Bí a ṣe to iṣẹ́ ni kò dára.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí:

1. Ẹ tẹ̀ lé ẹrù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kọ ibi tó ti dúró àti ìṣẹ́jú tó lò níbẹ̀.
2. Ẹ lo ìwé kan ṣoṣo fún ẹrù kan. Oníwọ̀n yóò kọ ìwọ̀n síbẹ̀, alábòójútó àká yóò kọ iye àpò, akọ̀wé yóò ṣírò owó, akápò yóò kọ iye tó san.
3. Ẹ to tábìlì yín bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kí ẹnì kan lè na ìwé sí ẹnì kejì.
4. Ẹ má da iṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó ń wọn ẹrù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń sanwó, kí ẹnì kan lè máa yẹ iṣẹ́ ẹnì kejì wò.
5. Ẹ ṣe ìpàdé kúkúrú lọ́sẹ̀. Ẹ má bèèrè pé, "Ta ló jẹ̀bi?" Ẹ bèèrè pé, "Níbo ni iṣẹ́ ti há?"

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni inú wọn yóò dùn sí i. Ẹni tí gbogbo ayé ń dúró dè nítorí òǹtẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lè rò pé ẹ fẹ́ gba ọlá òun. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa jẹ lára dídúró náà. Nítorí náà, ẹ pe gbogbo wọn jókòó kí ẹ tó gbé tábìlì ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ló kù. Ẹ kò nílò kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ṣe èyí, ṣùgbọ́n ẹ nílò ìmọ̀ ìwé. Bí akápò kò bá lè ka ohun tí oníwọ̀n kọ, ìwé kan ṣoṣo yẹn kò ní wúlò fún un. Ìdí nìyí tí ẹ fi wà ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Ìbéèrè

1. Àwọn wo ló ní iṣẹ́ lórí ẹrù kan ní èbúté Kútọnu?
2. Kí ni wọ́n yí padà ní ọdún 2011? Kí ni wọn kò yí padà?
3. Ìṣirò: Bí ẹgbẹ́ bá dín dídúró àgbẹ̀ náà kù sí ìṣẹ́jú 25, tí iṣẹ́ kò yí padà, agogo mélòó ni yóò kúrò níbẹ̀?
4. Ẹ jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì: níbo ni iṣẹ́ ti ń há nínú ẹgbẹ́ tiyín? Ẹ kọ ìdáhùn yín ní ìlà márùn-ún.