Ta Ló Yàn Án? Ẹ̀kọ́ Tí Tọkùnrin Tobìnrin Ń Lọ Kọ́ Ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Bí a bá sọ pé "akẹ́kọ̀ọ́ náà yan iṣẹ́ agbẹ̀bí", gbólóhùn yìí kò sọ fún wa bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Nínú "agbẹ̀bí", àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe gbà àti ọ̀rọ̀-orúkọ ẹ̀bí nìkan la rí. Ṣùgbọ́n àwa tí a fi èdè Faransé kàwé ní Ṣàkẹ́tẹ́, sage-femme ni a kọ́ mọ̀ ọ́n sí. Femme, ìyẹn obìnrin, ti wà nínú orúkọ iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó yan nǹkan kan. (Ní ilẹ̀ Faransé gan-an, 1982 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkùnrin láyè láti ṣe é.)

Ẹ jẹ́ ká wo ayé ìjọba amúnisìn. Ní 1918, àwọn Faransé dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Dakar fún àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Dahomey, tó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, wà lára wọn. Apá ti dókítà, ti ọkùnrin ni. Apá ti agbẹ̀bí, ti obìnrin ni. Ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba, ti ọkùnrin ni òun náà. Ó di 1938 kí wọ́n tó ṣí ti àwọn olùkọ́ obìnrin ní Rufisque, Germaine Le Goff sì ni ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó bá wo ìwé orúkọ wọn lónìí lè kọ ọ́ pé àwọn obìnrin fẹ́ràn iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ. Wọ́n fẹ́ràn èwo nínú èwo?

Ọ̀nà ti pọ̀ sí i báyìí. Síbẹ̀, ìròyìn UNESCO ti 2017 sọ pé nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀-ẹ̀rọ àti ìṣirò káàkiri ayé, 35 péré ni obìnrin. Ní tiwa, ọmọ kì í tíì kúrò nílé tí ìyàtọ̀ náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti wọ seconde, ó ní láti mú série: A fún èdè àti lítíréṣọ̀, C fún ìṣirò àti físíìsì, D fún ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí. Àwọn òbí mìíràn a ní èdè ló rọ obìnrin lọ́rùn. Ọmọ tó mú A2, ìbáà gba Ìgòlò kọjá sí Ìdí-Ìrókò lọ wá yunifásítì ní Nàìjíríà, ìbáà wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Faransé, ìmọ̀-ẹ̀rọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù yóò sì máa bi í pé kí ló yàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá ń fi Yorùbá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ fún mémoire yín, ẹ kọ "akẹ́kọ̀ọ́bìnrin" àti "akẹ́kọ̀ọ́kùnrin" sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí "akẹ́kọ̀ọ́" lásán yóò bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì ti béèrè pé "Kí lo yàn?", ẹ tún béèrè pé: "Kí ni wọ́n gbé síwájú rẹ láti yàn, ọmọ ọdún mélòó sì ni ọ́ nígbà náà?"