Ohun Tí A Rí Nínú Ẹ̀rọ Géèmù Kan

Lára iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ní sáà tó kọjá, ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí ti bi wá léèrè nípa rẹ̀, àwọn mìíràn pẹ̀lú ìfura: ṣé lóòótọ́ ni a gbé ẹ̀rọ géèmù wọ yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì? Òótọ́ ni.

Bàbá kan, tí àwọn náà jáde nílé-ẹ̀kọ́ yìí, ni wọ́n gbé PlayStation 2 náà wá. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ọmọ wọn nígbà tí èsì ìdánwò rẹ̀ já wálẹ̀, ó sì ti wà lórí àpótí aṣọ fún ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n tún tàn án, kò ka àwo mọ́. Wọ́n ní, "Ẹ fi ṣe ohunkóhun tí ó bá wù yín, kó ṣáà má padà sílé mi." Àwa olùkọ́ kò kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ní kí a dà á nù. Àwọn kan ní, ohun tí ọmọ ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí wò láti ìta, ó yẹ kí ó wò ó láti inú pẹ̀lú. Èrò kejì ni ó borí, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò ní fi gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà wa.

Ilé-iṣẹ́ Sony ni ó ṣe ẹ̀rọ yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á ní Japan, iye tí wọ́n sì tà káàkiri ayé ju mílíọ̀nù 150 lọ. Irú rẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń sanwó gbá bọ́ọ̀lù lé lórí ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Èyí tó tóbi, tí ó kọ́kọ́ jáde, ni tiwa, kì í ṣe pẹlẹbẹ tí ó tẹ̀lé e.

Kí a tó fọwọ́ kan síkúrù kankan, a yọ ọ́ kúrò lára iná fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọmọ tí ó bá ń dán irú èyí wò nílé lè kú sí i. Iná ilé wa jẹ́ fólítì 220, ṣùgbọ́n 220 kì í ṣe góńgó rẹ̀. Bí a bá fi 1.414 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó rí i pé ó ń gòkè dé 311. Páńẹ́ẹ̀lì iná inú ẹ̀rọ náà ń sọ ọ́ di iná aláìyípadà, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú kapásítọ̀ ńlá kan. Bí a bá ti yọ wáyà kúrò lára ògiri, iná náà ṣì lè wà nínú kapásítọ̀ yìí fún ìgbà díẹ̀, kò sì sí àmì kankan lójú rẹ̀. A fi mítà wọ̀n ọ́ kí a tó jẹ́ kí ọmọ kankan súnmọ́ tábìlì.

Nígbà tí a tú síkúrù ìsàlẹ̀ tán, a fi ìwàǹwára gbé ìdérí sókè. Ọmọ tí ó ni ẹ̀rọ náà ti ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rọra," a kò dá a lóhùn. Wáyà pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan ni ó so bọ́tìnnì ìtanná mọ́ páńẹ́ẹ̀lì. Ọwọ́ àwa olùkọ́ ni ó já a. Láìsí wáyà yẹn, ẹ̀rọ náà kò lè tàn rárá. Àwọn bàbá tí wọ́n wá wòran kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n a rí ẹ̀rín wọn.

Eruku ni a kọ́kọ́ bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ́ aáyán. Eruku ti dì mọ́ fáànù àti irin tí ń fa ooru kúrò lára àwọn IC. Lẹ́yìn náà ni a dé ibi tí ó ń ka àwo. Jígí kékeré kan ni, tí kò tó èékánná ọmọdé, ìmọ́lẹ̀ laser sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Lórí DVD, láàárín mìlímítà kan ṣoṣo, ìlà bí 1,350 ni ó tò síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yìí kò sì gbọdọ̀ ṣìnà láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ẹ wo ohun tí eruku yóò ṣe sí irú ojú bẹ́ẹ̀. A fi òwú àti ọtí isopropyl díẹ̀ nù ún.

Lórí páńẹ́ẹ̀lì ńlá ni ìyàlẹ́nu wà. IC tí ó ń ṣe ìṣirò, èyí tí wọ́n ń pè ní Emotion Engine, ń ṣiṣẹ́ ní ìlù bí mílíọ̀nù 295 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òmíràn wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ya àwòrán lọ. Ìrántí ẹ̀rọ náà jẹ́ 32 MB péré. Fóònù tí ó ní 4 GB fi ìlọ́po 128 jù ú lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni àgbà kan wà: ọpọlọ PlayStation àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1994. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ tuntun kò jù ú nù. Bí a bá fi àwo tuntun sí i, àgbà yìí ni ó ń gbọ́ ohun tí ọwọ́ ọmọ ń tẹ̀, tí ó sì ń jíṣẹ́ fún Emotion Engine. Bí a bá fi àwo àtijọ́ sí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò padà di olórí, tí yóò darí eré náà bí ti ìgbà àtijọ́. Àwọn bàbá ní kí ọmọ wọn tún apá yìí ṣàlàyé. Ó tún un ṣàlàyé, ó sì yé wọn ju bí àwa ti sọ ọ́ lọ. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì wa ní òun ti rí àpèjúwe tuntun fún 1 Kọ́ríńtì orí 12.

Ní ti wáyà tí a já, ọmọ náà mọ oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan tí ó yọ òmíràn fún wa láti ara òkú ẹ̀rọ, tí kò sì gbowó. Ọmọ náà ni ó fi í sí ipò rẹ̀. A kò tún dábàá pé kí olùkọ́ kankan ṣe é. Iná pupa tàn, ó tẹ bọ́tìnnì, iná ewé tàn. Ẹ̀rọ náà béèrè irú èdè tí a ń sọ àti ọjọ́ tí a wà, nítorí bátìrì kékeré tí ń bá a rántí àkókò ti kú. Àwọn bàbá ni wọ́n pe ọjọ́ náà, ọmọ wọn sì tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ó ku kí a mọ̀ bóyá ó ń ka àwo. Àdéhùn ṣì ni àdéhùn, nítorí náà CD orin ẹgbẹ́ akọrin ilé-ẹ̀kọ́ ni a fi sí i. Ó dún. A kò tíì fi àwo bọ́ọ̀lù kankan sí i títí di òní. Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì ní yàrá sáyẹ́ǹsì, ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá wá síbi àjọ̀dún lè yà wò ó. Bí ẹ bá ní èyí tí ó ti kú nílé, a ó gbà á lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tú u kí ẹ tó gbé e wá.