Ìka Ọwọ́ Kì í Hù Padà: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tó Ń Lagi

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí wà fún àwọn káfíńtà àti àwọn òṣìṣẹ́ sọ́míìlì, láti ọjà pákó Bódìjà dé Mọ́níyà, Lálúpọn, Ẹ̀gbẹ́dá àti Àkànràn. Ó sì wà fún àwọn òbí tó fẹ́ mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Bí ayùn ẹ̀rọ bá gé ọmọ iṣẹ́ níka, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Lóòótọ́, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a) kọ́ wa pé kí olówó ràkúnmí so ó mọ́lẹ̀ ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́run. Ẹni tó yọ ìbòrí ayùn sọnù kò tíì so ràkúnmí tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó ń fa ìjàǹbá yìí.

Èkíní, ìbòrí ayùn. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á ní kò jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin pẹlẹbẹ tó ń dúró lẹ́yìn ayùn róbótó. Irin yìí ni kì í jẹ́ kí pákó fún mọ́ ayùn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ayùn lè ta pákó padà lu àyà ẹni tó ń tì í, ó sì lè fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé.

Èkejì, ìka. Bí pákó bá kù díẹ̀ kó tán, igi ni kí á fi tì í.

Ẹ̀kẹta, iná. Bí iná bá lọ tí a kò pa suwíìṣì, ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ sí yí lójijì nígbà tí iná bá dé, kí ó sì bá ẹni tó ń gbá ìyẹ̀fun igi nídìí rẹ̀. Ẹ pa suwíìṣì, kí ẹ sì dúró kí ayùn dákẹ́ pátápátá, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kẹrin, aṣọ. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ a máa wọ́ apá aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tòun ti ẹni tó wọ̀ ọ́.

Báwo ni ìka ti níyelórí tó? Nínú Ṣẹ̀ríà, owó ẹ̀mí jẹ́ ràkúnmí 100, ti ìka kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 10. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín dọ́gba.

Òfin ilẹ̀ wa náà kò dákẹ́. Factories Act ti ọdún 1987 ní kí á bo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ, kí á má sì fi ẹni tí kò tíì mọ ewu ẹ̀rọ sídìí rẹ̀ láìsí alábòójútó. Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 ka ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ pàápàá mọ́ òṣìṣẹ́ tó lè gba owó ìtanràn ìfarapa. Kí ẹni tó fara pa sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ọ̀gá ni yóò máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ fún àjọ náà. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi ọmọ sílẹ̀, ẹ bi ọ̀gá bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì fojú yín rí ìbòrí ayùn rẹ̀.

Bí ìka bá já, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò náà pinpin, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè. Ẹ má da bẹntiróòlù tàbí eérú sí i. Ẹ wé ìka náà sínú aṣọ mímọ́ tí a fi omi rin díẹ̀, ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé ọ̀rá náà lé yìnyín. Ìka fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan yìnyín. Kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn ńlá bí UCH lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Ta ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀ bí ọ̀gá bá yọ ìbòrí ayùn, tí ọmọ iṣẹ́ sì fara pa?
2. Kí ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa lè ṣe kí ìbòrí lè padà sórí ayùn ní àdúgbò wa?

Kí Ọlọ́run dáàbò bo ọwọ́ tí a fi ń wá jíjẹ. Àmín.