Gbogbo Ara Lọmọdé Fi Ń Wo Iṣẹ́ Ọnà

Àbúrò mi, bí o bá fẹ́ mú ọmọ ọdún 3 lọ wo iṣẹ́ ọnà, jọ̀ọ́, má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ẹni tó ṣe é fún un. Kí ló kàn án nínú ìyẹn? Ohun tó kàn án ni pé ère náà ga ju bàbá òun lọ, pé ojú rẹ̀ yọ síta, àti bóyá ó máa ń géni jẹ.

Àwa àgbà la máa ń káwọ́ sẹ́yìn níwájú àwòrán, tí a óò máa mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan kan. Ọmọdé ò ráyè ìyẹn. Bó bá rí àwòrán onílù, ìdí rẹ̀ ti ń mì kí ẹnu rẹ̀ tó ṣí. Má sọ fún un pé kó dúró jẹ́ẹ́ o. Ijó yẹn gan-an ni èsì tó fún ayàwòrán.

Bí o bá wà l'Ékòó, ẹ lọ sí Nike Art Gallery ní Lẹ́kí, tí Ìyá wa Nike Davies-Okundaye, tí ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ, dá sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà ló wà nínú ilé alájà púpọ̀ yẹn, nítorí náà má pinnu pé ẹ máa wò ó tán. Àjà kan ti tó. Àwòrán méjì mẹ́ta tí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn ti tó. Jẹ́ kó jẹun kó tó kúrò nílé, kó sì tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ò rí ẹwà kankan. Ìwọ náà lóṣòó tì í, kí o wò ó láti ibi tí ojú tirẹ̀ dé.

Ti ìbẹ̀rù ló ṣòro jù. Ní igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005, àwọn ère ńláńlá tí Susanne Wenger, Àdùnní Olóòrìṣà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀ lè mú kí ọmọ bú sẹ́kún. Má pè é ní ojo, má sì fà á sún mọ́ ọn. Gbé e, ẹ jìnnà díẹ̀, kí o wá bi í pé ibo gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Á nawọ́ sí ẹnu ère, tàbí ojú rẹ̀. Bi í pé, “Kí ló fẹ́ sọ tó fi la ẹnu báyẹn?” Bó bá ti dáhùn, àlọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Má tún àlọ́ náà ṣe fún un.

Tówó mọ́tò ò bá sí ńkọ́? Láfún wà nílé. Òun làwọn ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn máa ń sè, tí wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pò mọ́ ọn àti aró kò kan ọmọ kékeré. Ro láfún lásán, jẹ́ kó tutù, dà á sínú tíréè, kí o fún un ní ìyẹ́ tó mọ́. Á gbóòórùn rẹ̀, á fọwọ́ pa á, á tọ́ ọ wò. Ìwọ náà, tọ́ ọ wò.

Ní tèmi, mi ò fẹ́ràn àwọn ìwé tí wọ́n ti ya àwòrán sí tán, tó jẹ́ pé kíréyọ̀ lọmọ kàn máa fi dí àlàfo. Bébà òfìfo sàn jù. Tó bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún 3 sí 4, á máa ya èèyàn tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ hù jáde látorí. Bí ọ̀pọ̀ ọmọdé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sóhun tó ṣe é. Má gba kíréyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi àyà kún un, má sì bi í pé, “Kí lèyí?” Wí pé, “Sọ ìtàn rẹ̀ fún mi,” kí o sì fi fóònù sílẹ̀ títí yóò fi sọ ọ́ tán.