Ara Tó Mọ̀ Ọ́n Wú Gbọ́dọ̀ Mọ̀ Ọ́n Dẹwọ́

Bí ẹ̀gún bá gún èèyàn lẹ́sẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ibẹ̀ á ti pọ́n, á wú, á sì máa ro ó. Ọ̀pọ̀ ló rò pé iṣẹ́ ọwọ́ kòkòrò àrùn nìkan nìyẹn, ṣùgbọ́n ara fúnra rẹ̀ ló ń kó ẹ̀jẹ̀ àti àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun jọ síbẹ̀. Ìjà yìí ń gbà wá là o, àmọ́ bí ara ṣe ń dá a dúró ṣe pàtàkì bíi bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Inú sẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀rí wà. Lára DNA, ní kóró àárín sẹ́ẹ̀lì, ni àwọn jíìnì wà, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe àwọn purotéènì. Sẹ́ẹ̀lì kì í gbé DNA jáde. Ẹ̀dà rẹ̀ ló ń kọ sórí RNA. Ní 1986, Ranjan Sen àti David Baltimore ròyìn NF-κB, purotéènì tó ń mú kí ìdàkọ àwọn jíìnì kan bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá rọgbọ, purotéènì mìíràn, IκB, ló ń dè é mọ́ ẹ̀yìn kóró. Bí kòkòrò bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì á run IκB, NF-κB á wọ inú kóró, ìdàkọ jíìnì TNF, purotéènì tó ń mú ara wú, á sì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n NF-κB yìí kan náà ló ń jẹ́ kí wọ́n da jíìnì IκB kọ: òun fúnra rẹ̀ ló ń pe ẹni tí yóò tún dè é. Ẹ̀dà tó ti jáde ńkọ́? Purotéènì kan tó ń jẹ́ tristetraprolin á so mọ́ ìdí RNA ti TNF, níbi tí A àti U, méjì lára lẹ́tà tí a fi ń kọ RNA, pọ̀ sí, RNA náà á sì tètè run. Ní 1996, àwọn onímọ̀ ròyìn àwọn eku tí kò ní jíìnì tristetraprolin: wọ́n rù, oríkèé wọn sì wú. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní èròjà tó ń gbógun ti TNF, àìsàn náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọjú mọ́.

Ẹnì kan lè ní àṣedànù ni kíkọ ẹ̀dà tí a ó tún run. Rárá o, bí ẹ̀dà náà bá pẹ́, TNF á máa jáde lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Ẹlòmíràn á ní eku kì í ṣe èèyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní 1998, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí etanercept, oògùn tó ń dí TNF lọ́wọ́, fún irú làkúrègbé kan tí ara ń fọwọ́ ara rẹ̀ fà, ó sì ti mú ìtura bá ọ̀pọ̀ aláìsàn. Síbẹ̀, irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí ikọ́ fée tó sùn sára tún jí. Nítorí náà, ẹni tó bá pa ìjà ara rẹ́ pátápátá ti ṣílẹ̀kùn fún àrùn. Kí ìjà náà mọ níwọ̀n ni ìlera.