Yíyan Olùkọ́ Ìmọ̀ Ìwà Ọ̀daràn àti Ìdájọ́ ní Yunifásítì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí bí yunifásítì ṣe ń gba olùkọ́ tí yóò máa kọ́ni nípa ìwà ọ̀daràn, iṣẹ́ ọlọ́pàá, ilé-ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kókó rẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹni tí yóò kọ́ni ní òdodo, ọ̀nà òdodo ni kí ó gbà wọlé, kí ó sì mọ òfin ibi tí ó ti fẹ́ kọ́ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá

Kawo ni a ń gbà jáde ní Kaduna lọ sí Zaria. Ọgbà àtijọ́ NDA, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, kò jìnnà sí wa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́pàá wà nínú ìlú Kaduna. Yunifásítì Ahmadu Bello ti wà ní Zaria láti 1962, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kaduna sì bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó tì yín lónìí lè di DPO lọ́la, ó lè di wọ́dà, ó sì lè di akọ̀wé kóòtù. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, ará ìlú ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìlànà ìgbanisíṣẹ́

1. Ìkéde: Yunifásítì yóò kéde àyè iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ náà yóò fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, àkójọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ àti orúkọ àwọn tí yóò jẹ́rìí rẹ̀ ránṣẹ́.

2. Ṣíṣà: Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yóò yẹ ìwé wọn wò, yóò sì ṣa àwọn tí ó kójú òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó gba oyè àkọ́kọ́ dáradára lè wọlé ní ipò Graduate Assistant, ẹni tí ó ní oyè kejì lè wọlé ní Assistant Lecturer. Fún àwọn ipò tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n sábà máa ń béèrè.

3. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: Ìgbìmọ̀ ìgbanisíṣẹ́ yóò pè wọ́n jókòó. Bí ipò náà bá jẹ́ ti Reader tàbí ti Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọn a máa fi iṣẹ́ ìwádìí ẹni náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì mìíràn kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò.

4. Ìfọwọ́sí: Abẹ́ àṣẹ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ yunifásítì ni ìgbanisíṣẹ́ wà. Òfin ọdún 2012 sọ pé olùkọ́ yunifásítì yóò fẹ̀yìntì ní ẹni ọdún 65, ọ̀jọ̀gbọ́n ní 70. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí a bá gba ẹni ọgbọ̀n ọdún tí kò yẹ, ó lè fi ọdún márùndínlógójì ba ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ jẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí a wò lára rẹ̀

Èkíní ni òfin ilẹ̀ yìí. Criminal Code ni Gúúsù ń lò, ṣùgbọ́n ní 1960 ni Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lo Penal Code, èyí tí wọ́n fi ti Sudan àti ti India ṣe àwòkọ́ṣe. Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ti orúkọ lásán. Fún àpẹẹrẹ, Penal Code ọdún 1960 ka àgbèrè sí ẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn tí àṣà wọn kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Criminal Code kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2001, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000, Kaduna dá kóòtù Ṣàríà àti kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ní 2017, ó ṣe òfin tuntun lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ẹni tí ó bá ti Èkó wá pẹ̀lú ìwé Gúúsù nìkan kò tíì tó kọ́ni níhìn-ín.

Èkejì ni ìmọ̀ ojú iṣẹ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìntì ńkọ́? Ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè má mọ ìwádìí. Ọ̀mọ̀wé mọ ìwádìí, ṣùgbọ́n ó lè má tíì wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí. Èrò tèmi ni pé kí a gba ọ̀mọ̀wé tí ó ti ṣe ìwádìí láàrin ọlọ́pàá àti ẹlẹ́wọ̀n, kí a sì máa pe ọ̀gá náà wá sọ̀rọ̀ fún kíláàsì.

Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ bi í: “Wọ́n mú ọmọkùnrin kan ní Kawo. Ọjọ́ mélòó ni ọlọ́pàá lè fi tì í mọ́lé kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù?” Ìdáhùn rẹ̀ wà ní abala 35 ìwé òfin ọdún 1999. Níbi tí kóòtù tí ó ní àṣẹ bá wà láàrin kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, àfi bí kóòtù bá fi kún un. Kóòtù kún Kaduna, nítorí náà ọjọ́ kan ni. Olùkọ́ tí kò bá lè dáhùn èyí yóò kọ́ àwọn ọlọ́pàá tí yóò ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé fún oṣù kan.

Ṣé ọmọ Yorùbá lè rí irú iṣẹ́ yìí níhìn-ín?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ń béèrè rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Odekunle, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìwà ọ̀daràn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọmọ Yorùbá ni. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ni ó sì ti kọ́ni. Òun fúnra rẹ̀ mọ bí àhámọ́ ti rí, nítorí ìjọba Sani Abacha mú un ní 1997 lórí ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ tí wọ́n fi kan Ọ̀gágun Oladipo Diya. Ní 2015, ó di ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń gba Ààrẹ nímọ̀ràn lórí ìwà ìbàjẹ́. Ó kú ní December 2020.

Lóòótọ́, òfin ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan rí ìpín tirẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àjọ tí ń bójú tó o sì ti wà láti 1996. Ìpín dára, ṣùgbọ́n kò ní kí a gba aláìmọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi ìwé pélébé ọ̀gá kan wọlé, báwo ni yóò ṣe kọ́ ọmọ wa pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ burú?

Ìdánrawò

(a) Sọ ìyàtọ̀ kan láàrin Penal Code àti Criminal Code.
(b) Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń fi iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ sí yunifásítì mìíràn?
(d) Bí ẹ bá wà nínú ìgbìmọ̀, ìbéèrè wo ni ẹ̀yin yóò bi olùkọ́ tí ó ń wáṣẹ́?

Ire o!