Sí Sìdíkátù, lórí owó fíríísà

Ìdúmọ̀tà, Èkó.

Sìdíkátù ọmọ mi,

Ìwé àdéhùn àti sítétímẹ́ǹtì tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp dé ọwọ́ mi. Wàsíù ló bá mi tẹ̀ wọ́n jáde, torí ojú mi ò gba lẹ́tà wínníwínní orí fóònù mọ́. O ní Bàbá Ridwan, ọkọ rẹ, sọ pé kó o má san kọ́bọ̀ mọ́ títí báńkì á fi tún èlé náà ṣe. Ohun tó ń bí i nínú yé mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Jẹ́ ká wo owó náà ná. 600,000 náírà lo yá lọ́wọ́ báńkì láti fi ra fíríísà, fún oṣù 12, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù ni èlé, reducing balance ni wọ́n sì kọ síbẹ̀, ìyẹn èlé lórí gbèsè tó bá ṣẹ́ kù. Lóṣù kìíní, o san 50,000 nínú gbèsè, èlé 24,000, àpapọ̀ 74,000. Gbèsè ti di 550,000 nìyẹn. Èlé oṣù kejì kò ju 22,000 lọ, 72,000 ló yẹ kí wọ́n yọ. Ti oṣù kẹta, 70,000. Àmọ́ 74,000 ni wọ́n ń yọ lóṣooṣù, bí ẹni pé o ò tíì dín nǹkan kan kù nínú 600,000. Torí pé owó oṣù kìíní bára mu rẹ́gí ni o ò fi tètè fura. Bí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, èlé tó yẹ kó jẹ́ 156,000 lọ́dún á di 288,000. Wọ́n á gba 132,000 lé, èmi sì mọ iye páálí ọṣẹ tí mo gbọ́dọ̀ tà kí n tó rí iyẹn lérè.

N ò pè wọ́n lólè. Akọ̀wé kan lè ti tẹ ohun tí kò yẹ lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn wà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o, àmọ́ ìwọ kọ̀wé bí ẹni pé àṣìṣe ni.

Ìdí tí mo fi ní kó o má dá owó dúró rèé. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ti fi ètò GSI lélẹ̀: bí ọjọ́ gbèsè bá pé tí o ò san, báńkì tó yá ọ lówó lè fi BVN rẹ yọ owó ní àkáǹtì tó o ní sí báńkì mìíràn. O tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wà lójú ewé kẹta ìwé àdéhùn náà. Wọ́n á tún kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ credit bureau, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè èèyàn, pé o kì í san gbèsè, ìyẹn ò sì ní tètè parẹ́.

Èyí tó o kọ sísàlẹ̀ bí ẹni pé kò tó nǹkan ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé. O ní sítétímẹ́ǹtì fi hàn pé o san owó oṣù kejì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo sì san, ẹ fẹ́ dákẹ́ kẹ́ ẹ fi di ohun tí wọ́n jẹ yín. Sìdí, 6,000 péré ni wọ́n tíì gbà lé. 74,000 lẹ fẹ́ fi dí i! Ọjọ́ tí ọ̀dítọ̀ wọn bá rí i, wọ́n á yọ ọ́ padà, wọ́n lè fi owó ìtanràn lé e, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ẹjọ́ èlé lẹ́nu rẹ mọ́. Kọ àṣìṣe méjèèjì sínú lẹ́tà kan náà. Ta ló máa pe ẹni tó mú 74,000 padà wá fúnra rẹ̀ ní òpùrọ́?

Kí lẹ́tà náà má ju ojú ewé kan lọ. Kọ nọ́ńbà àkáǹtì, ọjọ́ tó o gba owó, gbólóhùn inú àdéhùn náà bó ṣe wà gan-an, ohun tó yẹ kí wọ́n yọ lóṣù kọ̀ọ̀kan àti ohun tí wọ́n yọ. Ní kí wọ́n tún èlé ṣe, kí wọ́n sì fún ọ ní ìṣirò tuntun. Tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tìrẹ, kó o sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Má jẹ́ kí ọmọbìnrin tó wà ní káńtà fi "ẹ máa lọ, a máa pè yín" lé ọ.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú ẹ̀, gbé e lọ sí CBN, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà. Wọ́n ń gba lẹ́tà ní ẹ̀ka wọn èyíkéyìí. Tèmi ni kó o kọ́kọ́ wá, Wàsíù á sin ọ́ gba òpópónà Nnamdi Azikiwe dé ọ̀dọ̀ CBN ní Tinubu Square.

Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, béèrè ìwé credit bureau rẹ. Òfin ọdún 2017 lórí credit bureau fún ọ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ 28 ni owó oṣù kẹrin. 68,000 ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ rí i pé 74,000 wà nínú àkáǹtì. Fi lẹ́tà yìí han Bàbá Ridwan kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ ní Ìdúmọ̀tà.